Ike Méjì Nílé Káfíńtà

Inú máa ń bí mi bí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ kí ni àbúrò mi obìnrin ń ṣe. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í sì í ta oògùn, síbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oògùn olóògùn ló ń kà láti ilé dé ilé. Àdúgbò sọ ọ́ ní Ìyá Oníke, nítorí àwọn ike oògùn tó ń kún inú báàgì rẹ̀. A jọ ń gbé ni. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, etí mi ló ń da gbogbo ẹjọ́ sí.

Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ń dán oògùn tuntun wò lára èèyàn. Yàrá méjì péré ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lẹ́yìn ọsibítù. Lónìí, gbogbo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti di tiwọn, fìríìjì wọn ga jù mí lọ, èrò sì ń wọ́ síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni dókítà ti ń fara balẹ̀ bi èèyàn pé báwo lara.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń dán wò. Ẹni tó bá wọlé á máa mu oògùn tó ti ń mu tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á wá fún un ní ike kan lé e. Ó lè jẹ́ oògùn tuntun ló wà nínú ike yẹn, ó sì lè jẹ́ ìyẹ̀fun lásán tí wọ́n ṣe bí oògùn, kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Aláìsàn kò mọ̀, dókítà kò mọ̀, àbúrò mi kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà kan lókè òkun ló mọ̀. Mo ní, "Iṣẹ́ wo ni gbogbo yín wá ń ṣe níbẹ̀?" Ó pòṣé sí mi.

Káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tí àbúrò mi ń ka oògùn inú ike wọn ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti mọ̀ bóyá wọ́n ń mu ún. Òrùlé ni káfíńtà yìí ń kàn, àmọ́ òòyì ti lé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Nígbà tó fi máa lo oṣù mẹ́rin nínú ìdánwò oògùn náà, ó ti padà sókè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àbúrò mi tú ike àwọn méjèèjì sórí tábìlì. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú míì dé ni, níbi tó ti lọ kan òrùlé fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì gbàgbé ike rẹ̀ sílé nígbà tó ń lọ. Ó yẹ kí oògùn tirẹ̀ fi hóró mẹ́rin ju ti ìyàwó lọ. Dọ́gba-n-dọ́gba ló bá wọn. Àbúrò mi nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un kà.

"Bàbá, ta ló mu èyí tó yẹ kó ṣẹ́ kù?"

"Kò sẹ́ni tó mu ún. A ti da méjèèjì pọ̀ ni, a sì pín in."

"Ẹ dà á pọ̀ kẹ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ìyẹ̀fun lè wà nínú ọ̀kan? Ṣé kí n máa mu oògùn, kí ìyá àwọn ọmọ mi máa lá ìyẹ̀fun? Tó bá jẹ́ oògùn, ká jọ mu ún. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun, ká jọ lá a."

Ìyàwó gbé omi tútù wá. "Ẹ mumi, Ìyá Oníke. Ojú yín ti yí padà."

Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Bí àbúrò mi bá sọ fún dókítà, wọ́n á yọ tọkọtaya náà nínú ìdánwò, káfíńtà sì lè tún sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé, bí kò bá jábọ́. Bí kò bá sọ, irọ́ ló ń kọ sínú ìwé. Mo ní kó panu mọ́, ta ni wọ́n ṣẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí oògùn yẹn bá wá pa èèyàn lọ́la ńkọ́? Tó bá sì ń woni sàn, tí ìwé mi wá ní kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Ó sọ fún dókítà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ tọkọtaya, wọ́n gba ike wọn. Láti ìgbà náà, bí àbúrò mi bá ti rí òrùlé, àyà rẹ̀ á já. Káfíńtà kò jábọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ gòkè. Ti ìyàwó ló gòkè. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹnu obìnrin náà ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń wọ́ nílẹ̀.

Àbúrò mi sáré lọ bá dókítà pé kó bá òun wá ike kan fún un.

"Wọ́n ti parí ìdánwò, mà. Wọ́n ti kó èyí tó kù padà. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á níbí, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n máa tà á."

"Ike ta ni oògùn wà nínú rẹ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ti ìyàwó. Ó lè jẹ́ tàwọn méjèèjì. Ó sì lè má jẹ́ tìkankan, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn kàn gòkè fúnra rẹ̀."

Àbúrò mi mú mi dání lọ́jọ́ tó lọ jẹ́ iṣẹ́ yìí fún tọkọtaya náà. Káfíńtà gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí àbúrò mi.

"Ìyá Oníke, ṣé oògùn inú ike ìyá àwọn ọmọ mi ni mo ń bá a mu?"

"Bàbá, mi ò mọ̀."

"Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ń kà á, ẹ ò sì mọ̀?"

Ìyàwó fi ẹnu rẹ̀ tó yí rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ní ká pín in."

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Méjèèjì ṣì lágbára tó láti kan òrùlé lọ́la.