Àna Mi, Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Rẹ̀ àti Kùrukùru

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin sọ fún wa pé òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́, iṣẹ́ tí ọmọkùnrin náà ń ṣe kọ́ ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń tì lẹ́yìn ni mo bèèrè. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní London láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Peckham là ń gbé, ní ẹ̀yìn Rye Lane, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń fi bọ́ọ̀lù kí ara wọn kí wọ́n tó bèèrè ìyàwó àtọmọ. Èmi náà ní ẹgbẹ́ ńlá tí mò ń tẹ̀ lé nígbà náà. Mo ti bá ọ̀rẹ́ jà nítorí wọn. Mi ò fẹsẹ̀ tẹ pápá wọn rí, àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà kò sì mọ̀ bóyá mo wà láyé.

"Daddy, ẹgbẹ́ ìlú wọn ló ń tì lẹ́yìn," ni ọmọ mi wí.

"Ìlú wo nìyẹn?"

Ó dárúkọ ìlú kékeré kan ní Wales. Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè, àfi bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ìyàwó mi ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀.

Ọmọkùnrin náà wá kí wa lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀, àmọ́ wọ́n gbàgbé láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde, ó sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ìyàwó mi fi ní, "Ó tó, dìde, my dear." Nígbà tó jókòó tán, mo bi í bóyá inú Premier League ni ẹgbẹ́ wọn wà. Ó ní rárá sà. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Rárá sà. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáá bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí àtẹ̀gùn council flat tí lífítì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìgbà tí n kò mọ orúkọ líìgì kankan mọ́, ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ibẹ̀ ni a wà, sà. Ó ti pẹ́ tí a ti wà níbẹ̀."

A lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ìrìn náà jìn, òjò sì ń tẹ̀ lé wa lọ láti ibodè Wales. Mo ti múra ìtàn agboolé wa sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé tí ìdílé méjì bá pàdé, ẹni tó bí ọmọ gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó bí òun náà. Bàbá ọkọ ọmọ mi ga, ó tín-ín-rín, iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ṣe fẹ̀yìn tì, òun sì ni alága ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú wọn. Ẹgbẹ́ ni wá lọ́jọ́ orí, àmọ́ àna ni àna, mi ò lè bá a sọ̀rọ̀ kí n má fi ọ̀wọ̀ sí i, ì báà jẹ́ Òyìnbó là ń sọ. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé bàtà òjò síwájú mi.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí a ti ṣẹ̀ wá hàn yín," ló wí.

Mo rò pé itẹ́ òkú là ń lọ. Pápá bọ́ọ̀lù ni. Ó dagẹ̀rẹ́ débi pé tí mo bá gbé ìgò sílẹ̀ lókè, ó máa yí dé ìsàlẹ̀. Inú òjò yẹn ni àna mi ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nílùú náà láyé àtijọ́, tí wọ́n ń bára wọn jà nítorí ohùn orin kan. Àwọn kan ní kí wọ́n fà á, àwọn kan ní kí wọ́n yára kọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí bọ́ọ̀lù parí ẹjọ́ náà. Wọ́n gbá a, ó di ìjà, ni pásítọ̀ méjèèjì bá gégùn-ún fún bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí wọ́n fi òfin de àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì ni wọ́n tó ṣọ̀kan, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti fi bí àwọn pásítọ̀ nínú. Mo sọ fún un pé ní Peckham, ìjọ máa ń pínyà lórí ọ̀rọ̀ tó kéré ju ìyẹn lọ, àmọ́ ìjọ mìíràn ni wọ́n máa ń dá sílẹ̀ ní tiwa. Ó ronú sí i. Ó ní ìyẹn burú, nítorí kò sí ẹni tó máa jókòó sí àga àwọn agbábọ́ọ̀lù ìpààrọ̀.

Ó fi ibi tí wọ́n gbin ọ̀dùnkún sí nígbà ogun hàn mí. Lẹ́yìn ogun, wọn ò hú gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀dùnkún sì gbé agbábọ́ọ̀lù wọn tó dára jù ṣubú nígbà tó ku òun àti aṣọ́lé nìkan. Ó fi ibi tí ẹgbẹ́ ńlá kan láti England ti wá na wọ́n nínàkunà hàn mí. Góòlù kan ṣoṣo ni tiwọn lọ́jọ́ náà, ẹni tó jẹ ẹ́ sì fi ń yangàn títí tó fi kú.

"Báwo ló ṣe jẹ ẹ́?" mo bèèrè.

"Ó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀," ni àna mi wí. "Bọ́ọ̀lù bà á lẹ́yìn, ó wọlé."

Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, bí àwa náà ṣe máa ń sọ ọ́ pé ọba kan wọlẹ̀. Nígbà tí a padà délé, aṣọ mi ti rin gbingbin, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè nípa agboolé wa.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú mìíràn lẹ́yìn òkè. Láàárọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọn ránṣẹ́ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Àna mi dúró ní kíṣìnnì, ó ń wò mí bí ẹni tí kò wò mí.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń wà ní London?"

Ìyàwó mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé mo gba ìsinmi kí n má bàa rí bọ́ọ̀sì ni.

Bọ́ọ̀sì kékeré ni, ó sì ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀nà náà tín-ín-rín, àgùntàn dúró sí i bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Walworth Road, àwọn náà sì bínú pé mi ò dúró fún wọn. A débẹ̀ láyọ̀. Ayọ̀ náà kò dé pápá. Kí eré tó dé ìdajì, wọ́n ti gbá mẹ́rin wọlé wa, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé "wọlé wa".

"Ó ti burú ju báyìí lọ rí," ni àna mi wí, ó sì bù tíì mu.

Àkókò ìrun Alásárì tó. Mo fi omi inú ìgò ṣe àlùwàlá, mo tẹ́ aṣọ òjò mi sórí òkìtì kékeré kan lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mo sì kọjú sí gábàsì. Ó wá ṣe kòńgẹ́ pé ibi tí mo kọjú sí gan-an ni pápá wà. Nígbà tí mo kírun tán tí mo sálámà, tí mo yí ojú sọ́tùn-ún sósì, mi ò rí pápá mọ́. Kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè bí ẹni fi àgbàdà bo agbábọ́ọ̀lù àti rẹfirí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kígbe pé bọ́ọ̀lù dà. Rẹfirí dúró díẹ̀, ó tún dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fọn fèrè, ó ní eré ti bàjẹ́, wọn ó tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan lára àwọn onílé tọ̀ mí wá.

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Fún ta ni?"

Ó gbójú wo ọ̀run.

"Ìrun ni mo kí, sà. Ojoojúmọ́ ni mo ń kí i. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́."

Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú kùrukùru. "Ẹ gbọ́ o, ó ní ojoojúmọ́ ni!"

Kí n tó ṣàlàyé, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ti gbé mi sókè. Mo wo àna mi kó gbà mí sílẹ̀. Ó mọ òtítọ́, ó rí mi nígbà tí mo ń tẹ́ aṣọ. Alága ẹgbẹ́ ni, kò sì sọ nǹkan kan.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, wọ́n ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní èdè wọn, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kì í tẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn wọn dùn débi pé ara mi ta gìrì. Àmọ́ nígbà tí a dé orí òkè, kùrukùru di ògiri. Iná bọ́ọ̀sì kò ràn kọjá imú rẹ̀, àfonífojì sì wà lọ́wọ́ òsì. Mo dúró. Àna mi dìde, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ní òun máa rìn níwájú, kí n máa tẹ̀ lé iná òun. Àwọn ọ̀dọ́ ní kó jókòó, pé àwọn máa ṣe é. Ó dá wọn lóhùn ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ kúkurú kan, gbogbo wọn sì padà jókòó.

Ó ń rìn lọ, mò ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn arúgbó kan àti ìmọ́lẹ̀ kékeré ni gbogbo ohun tí mo rí láyé. Mo ṣí fèrèsé kí n lè gbọ́ ọ tó bá pariwo. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi, ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀sì.

"Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn bọ̀ láti ibẹ̀," ló wí. "Ẹgbẹ́ kò ní bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan tí kùrukùru wà báyìí, aṣọ́lé wa fi àwọn yòókù sílẹ̀ láti gba ọ̀nà àbùjá. Wọ́n rí i nígbà tí ojú ọ̀run mọ́."

"Ṣé ó yè?"

"Rárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni."

Ó padà síwájú. Kò sọ ìtàn yẹn fún mi ní pápá, láàárín ọ̀dùnkún àti okùn bàtà. Mo fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Mo ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní London, àmọ́ mi ò ṣọ́ ẹnikẹ́ni bí mo ṣe ṣọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo yẹn. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí iná ìlú hàn, ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn mi, omi ń kán ní fìlà rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọrin mọ́. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé a ti di àna, ayẹyẹ ìgbéyàwó ló kù.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àmọ́ eré náà kò tíì parí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un gbá, ìlú ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe àna mi ló ránṣẹ́ o, ìlú ni. Mo bẹ awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń gbé ní Stockwell kó bá mi gba shift mi. Ààfáà wa ní mọ́ṣáláṣí, tó ti gbọ́, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Alhaji, wọ́n ní ẹ ti ń pe kùrukùru báyìí?" Mo búra. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lórí òjò Peckham.

Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà bí oòrùn Ìsẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo kírun mi nígbà tí àkókò tó, ìlú méjèèjì sì dúró wò mí. Ojú ọ̀run kò tilẹ̀ ṣú. Wọ́n na wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá tó ń ta tíì fún mi ní tèmi láìsí bísíkíìtì, ó sì wò mí bí ẹni tó gba iṣẹ́ tí kò ṣe é.

"Ẹ má bínú sí wọn," ni àna mi wí. "Wọ́n ti ní ìrètí. A kì í sábà ní in níbí."

Lọ́jọ́ tí ìdílé méjèèjì pàdé ní ilé wa, a ní kí àna mi sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣọ́ọ̀ṣì méjì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọ́n ń mi orí, wọ́n rò pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń kà. Mi ò tọ́ wọn sọ́nà. Nígbà tó dé ibi kùrukùru, mo rí i pé èmi náà ti wọ inú ìtàn, kò sì sọ pé ìrun ojoojúmọ́ lásán ni.

Gbogbo ọjọ́ Saturday ló máa ń pè mí báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo mọ̀ láti inú ohùn rẹ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"A jáwé olúborí," ló wí.

"Àna mi! Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"A ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n gbá a wọlé ara wọn." Ó mí kanlẹ̀. "Kò sí ẹni tó mọ ohun tó máa sọ ní ilé ọtí. Gbogbo wa tètè lọ sílé."

Mo ní ẹ kú oríire. Ó ní ẹ ṣé, bí ẹni tí wọ́n kí kú ará fẹ́ra kù. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn tó wà lókè téńté líìgì ni wọ́n máa bá gbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ohùn rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ sípò.