Màrìwò Lórí Kẹ̀kẹ́ Ìrọ̀gbọ̀kú

Ẹsẹ̀ bàbá mi àgbà méjèèjì ń jó lára ògiri. Òjìji wọn ni mò ń wí. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti gbé ìdí kẹ̀kẹ́ náà sórí àpótí kí táyà ẹ̀yìn má baà kan ilẹ̀, ó sì ń wà á kíkankíkan láìlọ síbì kan. Bí táyà ti ń yí ni dáínámò ń kùn bí oyin tí a ká mọ́ inú àgbá, tí iná iwájú sì ń mọ́ sí i. Òórùn sólúṣọ̀n tí ó fi lẹ tíúbù àti àdín tí ó fi pa ṣéènì ti gba gbogbo ilé. Ara irin tí ó fi ń darí kẹ̀kẹ́ ni ó so iná náà mọ́, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nìyẹn. Nítorí náà, dípò kí iná tan ọ̀nà, ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ ni ó ń gbé jó.

Ìyá mi àgbà yọjú láti ilé ìdáná, ó wo ògiri títí.

"Ta ló ń jó lára ògiri mi yìí? Ó lẹ́sẹ̀, kò lórí."

"Orí rẹ̀ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀, Ìyá wọn. Kì í ṣe ijó, iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ tí kò kúrò lójú kan. Bàbá wọn, ẹ gbé iná yẹn kọjá ẹsẹ̀ yín, kí ọ̀nà náà lè jẹ ńbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀, ó tú ìdè iná náà, ó sì lọ dè é mọ́ ṣónṣó imú kẹ̀kẹ́, níwájú ibi tí ẹsẹ̀ ń dé. Èmi ni mo di wáyà mú fún un. "Ẹ ṣé, Ìyá mi," ni ó wí fún mi. Ìyá rẹ̀ ni ó ń pè mí, nítorí kété tí wọ́n sin obìnrin náà tán ni a bí mi. Kò sí ọjọ́ kan tí ó pè mí ní ohun mìíràn.

Ó yẹ kí n sọ bí kẹ̀kẹ́ náà ti rí, nítorí n kò rí irú rẹ̀ rí ní Ìkẹ́rẹ́, n kò sì tíì rí irú rẹ̀ mọ́ títí di òní. A kì í gùn ún bí ẹni gun ẹṣin. Àga ìrọ̀gbọ̀kú aláṣọ ni, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń gba atẹ́gùn níwájú ilé. Jórinjórin gé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ méjì, ó jó wọn pọ̀ di ọ̀kan gbọọrọ, ó sì so àga náà mọ́ àárín wọn. Ẹni tí ó bá wà á yóò fẹ̀yìn tì, yóò na ẹsẹ̀ síwájú, yóò sì máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti pẹ́dàlì bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí ó há. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní kẹ̀kẹ́ ìrọ̀gbọ̀kú.

Ohun tí ó fa èyí ni pé bàbá mi àgbà já láti orí igi obì, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n tún tọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá kẹ̀kẹ́ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pípé mọ́, kò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé oko rẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Ìsẹ̀. Ó jókòó sórí àga níwájú ilé ní gbogbo ìgbà òjò kan. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ ti ògiri nínú ìbínú, àga náà sún padà sẹ́yìn. Ó tún un tì, ó tún sún. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé ìdúró ni ìbàdí òun kọ̀, agbára ṣì wà nínú ẹsẹ̀. Kí oṣù náà tó pé, ó ti ránṣẹ́ pe jórinjórin.

Ẹ má ṣe rò pé eré ni. Oko kòkó ni wọ́n bí bàbá mi àgbà sí, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbin èyí tí ó ń jẹ. Ó máa ń wí pé ọkùnrin tí kò lè dé ìdí iṣu ara rẹ̀ mọ́ ti di àlejò nínú ilé ara rẹ̀, àlejò kì í sì í pẹ́ kí ó tó lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ bí ó ti sọ ọ́. Bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Adó, wá ní ọjọ́ Sátidé kan, ó yí kẹ̀kẹ́ náà po, ó sì gbé ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni awakọ̀ onígẹdú yóò ti rí yín? Ewúrẹ́ pàápàá ga jù yín lọ lórí nǹkan yìí."

"Ewúrẹ́ kì í tan iná," ni bàbá mi àgbà fèsì.

"Ẹ fẹ́ tan iná lójú ọ̀sán?"

"Òwúrọ̀ Èkìtì a máa ní kùrukùru. Màá tan án, màá lu agogo, màá wo ẹ̀yìn nínú dígí. Bí wọn kò bá wá rí mi, ojú wọn ni kí ẹ lọ tọ́jú."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọkọ̀ kan bá fi lè gbé bàbá òun ṣánlẹ̀ péré, òun yóò wá kó kẹ̀kẹ́ náà lọ. Bàbá mi àgbà mi orí pé òun gbọ́. Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà pé gbogbo ohun tí ó ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni ó fi ń bẹ ayé kí wọ́n má ṣe dá òun padà sórí àga.

Ó sì so oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ọn. Ó gba agogo méjì, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún. Ó yọ dígí lára ọkọ̀ akúrẹtẹ̀ kan, ó fi irin tín-ín-rín gbé e sókè, kí ó lè rí ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn láìyí ọrùn. Ó fi páànù ṣe ohun tí ń gba ẹrẹ̀ lókè táyà, ó sì ki ṣéènì gígùn náà sínú ọ̀pá rọ́bà kí ó má baà máa jẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ó ṣe àpò awọ fún àdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, ó hun apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn fún iṣu, ó sì kan gíláàsì pupa mọ́ ìdí apẹ̀rẹ̀ náà, irú èyí tí iná ọkọ̀ bá bà tí yóò kọ mànà. Mo ṣì ń gbọ́ ìró òòlù rẹ̀ lára páànù, kó, kó, kó, bí ẹni ń pe adìẹ.

Lóòótọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀lé e dé òpin ìlú. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan ó dé, koríko wà nínú irun rẹ̀, gíláàsì iná iwájú ti fọ́, ẹrẹ̀ sì bo apá rẹ̀ kan. Ìyá mi àgbà bi í pé kí ló dé. Ó ní òun yà láti já ewé ni. Ẹnikẹ́ni kò bi í irú ewé tí a ń fi èjìká já. Ọkọ̀ onígẹdú ti tì í sí kòtò, awakọ̀ kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Gbogbo iná yẹn, gbogbo agogo yẹn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n wà, ojú awakọ̀ sì wà lókè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gé ọ̀pá oparun gígùn kan, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn àga. Mo rò pé aṣọ ni yóò ta mọ́ ọn. Màrìwò ni ó fà yọ, imọ̀ ọ̀pẹ tútù tí ó ti là yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó sì so ó mọ́ orí ọ̀pá náà.

Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí màrìwò ń wí níwájú ọkọ̀? Òkú ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó so màrìwò ń gbé ẹnì kan bọ̀ wálé, gbogbo ọkọ̀ yòókù a sì yà fún un. Ìyá mi àgbà jáde láti ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Bàbá wọn, kí lẹ so mọ́ ara yín?"

"Ohun tí wọ́n máa rí ni."

"Alààyè kì í so màrìwò."

"Alààyè ni mo jẹ́ lánàá, wọ́n sì tì mí sí kòtò."

Ó lọ. Ó sì yọrí, èyí ni ó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi fúnra mi rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọkọ̀ onígẹdú ńlá kan fà sẹ́yìn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, awakọ̀ ṣí fìlà, ẹni tí ó jókòó tì í sì dá orin tí ó ń kọ dúró. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, awakọ̀ náà wo inú apẹ̀rẹ̀, kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ewé kókò.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Òkú dà?"

"Òun ló ń wa kẹ̀kẹ́."

"Hà. Ó mà mọ̀ ọ́n wà."

"Kò tíì pẹ́ tó kú ni. Ẹ máa lọ, ẹ má dí òkú lọ́wọ́."

Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kí i pé, "Olóògbé, oko ńkọ́?" Òun náà a dá wọn lóhùn pé ọ̀run kò gbóná, iṣu sì ta dáadáa níbẹ̀. Ara rẹ̀ dá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi àgbà nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò jẹ nínú iṣu tí ó wá lábẹ́ màrìwò náà. Yóò sè é fún wa, yóò gún un, yóò bu ọbẹ̀ sí i, òun yóò sì lọ mu ẹ̀kọ. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Uṣu òkú a máa há mi lọ́nà ọ̀fun, ọmọ mi." Bí agogo kẹ̀kẹ́ bá sì dún ní ìrọ̀lẹ́, yóò kọ́kọ́ dúró ná, yóò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, kí ó tó jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú, bàbá mi àgbà ń ti oko bọ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì darí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sábẹ́ igi kan létí títì. Kò sọ̀kalẹ̀. Kí ni ẹni tí ó jókòó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú tún ń wá ibùsùn fún? Ó fi fìlà bo ojú, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó sì sùn. Obìnrin kan ní àdúgbò wa ń bọ̀ láti Ìsẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò. Awakọ̀ rí màrìwò, ó fà sẹ́yìn. Obìnrin náà yọjú, ó rí ẹni tí ó mọ̀, tí ó nà gbalaja, tí kò mira, tí a bo ojú rẹ̀. Ó mọ àwàdà náà bí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti ń bẹ̀rù tipẹ́ kì í ṣòro láti gbà gbọ́. Àwọn èrò yòókù ní àwọn tí ń gbé e ni ó ti lọ wá ìrànlọ́wọ́, kí awakọ̀ má dúró. Obìnrin náà dé ilé wa kí oòrùn tó rọlẹ̀, ó ti ń sunkún láti ìta.

N kò lè gbàgbé ìró igbá tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi àgbà. Kò pariwo. Ó rìn wọ inú pálọ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí obìnrin ti í ṣe tí ọkọ rẹ̀ bá lọ. Àwọn ìyàwó ilé yí i ká. Ẹnì kan ń ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnì kan ń béèrè ẹni tí yóò lọ sọ fún bàbá mi ní Adó. Ẹkún gba ilé títí dé ojúde.

Nínú ẹkún náà ni a gbọ́ agogo.

Ó wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ọ̀pá rìn, iṣu kan wà lápá rẹ̀. Ẹkún dáwọ́ dúró bí ìgbà tí a bu omi pa iná. Ó wo àwọn ènìyàn. Ó wo aya rẹ̀ nílẹ̀, irun rẹ̀ títú lé èjìká. Mo rí i bí òye ti ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn ni ó darúgbó lójú mi.

Ìyá mi àgbà gbójú sókè.

"Mo ti ṣe opó yín tán lónìí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "N kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ lọ. Bí ẹ bá máa jókòó tì mí, ẹ jókòó sí ulé."

Bàbá mi àgbà gbé iṣu náà sílẹ̀. Ó gbára lé ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí tí kì í tẹ̀ yẹn, títí ó fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. "Mo ti jókòó, Ìyá wọn," ni ó wí.

Kò dé oko mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó tú iná, tí ó tú dígí, tí ó tú agogo méjèèjì, tí ó fi òróró pa wọ́n, tí ó sì dì wọ́n sínú àkísà bí ẹni tí yóò tún wá nǹkan náà. Àwọn alágbàṣe ni ó ń bá a re oko. Wọ́n a wá ròyìn fún un pé kòkó so dáadáa, òun a sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọn kò mọ ìdáhùn rẹ̀: ṣé omi ti dé ìdí igi tí ó tẹ̀ yẹn? Ìyá mi àgbà a máa gún iyán fún un fúnra rẹ̀, a máa jókòó tì í, a máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gidigidi ní àsìkò náà. Bàbá mi àgbà sì ń tán lọ lójú wa, ẹran ara rẹ̀ ń gbẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dín, kò sì sí àrùn kan tí dókítà rí. Kí iṣu tuntun mìíràn tó jáde, a sin ín.

Àwọn kan dá ìyá mi àgbà lẹ́bi lẹ́yìn náà, wọn kò sọ ọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò dá a lẹ́bi, n kò sì dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi. Ìfẹ́ ni ó mú un jókòó, ìjókòó ni ó sì mú un lọ. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri láti ìgbà èwe mi, n kò tíì rí ibi tí mo lè sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Èmi náà ti dàgbà báyìí. Àárẹ̀ ńlá kan ṣe ọkọ mi ní ọdún tí ó kọjá, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn ọmọ wa pè mí láti ìlú tí olúkúlùkù wọn wà, wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kí bàbá àwọn dá rìn lọ sí oko ọ̀nà Ẹmùré mọ́, kí n gbé bàtà oko rẹ̀ pamọ́. Mo gbé e pamọ́. Ní àárọ̀ òní ó wá a kiri ilé, kò bi mí, ó kàn ń gbé aṣọ sókè, ó ń wo ìdí àpótí, ó sì wá jókòó. Ojú tí ó fi jókòó yẹn, mo mọ̀ ọ́n rí.

Mo lọ mú bàtà náà wá, mo kúnlẹ̀, mo so okùn rẹ̀ fún un. Ó bọ́ sọ́nà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí n kò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń wọ́ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò pè é padà.