Kíréètì Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ìgbín

Ìgbín ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Kì í ṣe orúkọ àpọ́nlé. Ẹyin ló ń kó, láti oko adìyẹ tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà eléruku kan, gba orí márosẹ̀, dé ṣọ́ọ̀bù Màmá Ẹlẹ́yin láàárín ìgboro. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń sáré lọ, tirẹ̀ á máa fà bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí kò fẹ́ débi tó ń lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe nìyẹn látìgbà tó ti gbéyàwó, ìyàwó náà sì ti di ìyá àgbà.

Bí wọ́n bá pè é ní Ìgbín, á dáhùn.

"Ìgbín ń gun igi, mi ò rí i kó já rí," ni yóò wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fò ni mò ń bá pàdé nínú kòtò."

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Má sún mọ́ ọkọ̀ iwájú. Dín eré kù kí ọ̀rọ̀ tó di ti búrékì. Bí ẹnìkan bá ṣe ọ́ lóore lójú ọ̀nà, gbé ọwọ́ sókè kó rí i. Bó bá ṣe ọ́ níbi, má gbé ọwọ́ kankan sókè, fi méjèèjì sórí sítíárìn.

Ohun tó ń bí i nínú jù lọ ni ọ̀rọ̀ àyè tó máa ń fi sílẹ̀ níwájú. Àyè náà gba lọ́rì méjì, kó lè rọra dúró bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹlòmíì á rí i, wọ́n á rò pé ẹnìkan ló fi ṣe sàárà. Wọ́n á já wọlé. Ìgbín á sún sẹ́yìn, á fi òmíràn sílẹ̀. Ẹlòmíì á tún já wọlé. Ìyàwó rẹ̀ tó bá a lọ lẹ́ẹ̀kan ní ó jọ pé ẹ̀yìn ni ọkọ òun ń wakọ̀ lọ.

"Àyè yẹn kò ṣófo," ló máa ń sọ. "Ẹrù mi ló wà níbẹ̀."

Orúnkún òsì ló dá a dúró. Ó wú, kò sì ká mọ́ bó ṣe yẹ. Dókítà tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó má wa ọkọ̀ ńlá mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́? Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Obìnrin ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Látìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ lórí àga ni ọmọ yìí ti ń jókòó ti bàbá rẹ̀ nínú lọ́rì. Nígbà tó dàgbà, ó gba ìwé ìwakọ̀ ọkọ̀ ńlá, ó sì ń kó iyanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé. Nígbà tí orúnkún ṣẹ́gun bàbá rẹ̀, ó lọ bá Màmá Ẹlẹ́yin, ó ní òun fẹ́ gba iṣẹ́ náà.

Màmá Ẹlẹ́yin ló ni oko, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló ni lọ́rì. Kò kọ̀, kò sì gbà. Àbúrò rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ọmọ òun ọkùnrin, tó ń wa takisí, ló yẹ kó máa wa lọ́rì náà.

"Gbọ́, ọmọ mi," Màmá wí. "Iyanrìn kì í fọ́. Gbé ẹrù kan wá fún mi lọ́la. Èmi fúnra mi ni màá tú u. Mo mọ iye tó máa ń fọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ àbúrò mi ló máa gba kọ́kọ́rọ́. Má sọ pé mi ò sọ fún ẹ."

"Mo gbọ́, Màmá."

"Bàbá rẹ lè bá ẹ lọ. Àmọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ọwọ́ ni Màmá sọ. Kò sọ ti ẹsẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n to ẹrù tán lóko, wọ́n fi okùn dè é, ó wá ku kíréètì kan tí kò rí àyè. Alágbàṣe tó ń to ẹrù dúró tì í, ó ń họ orí.

"Gbé e wá síwájú," Ìgbín wí. "Gbé e sí ìtòsí ẹsẹ̀ mi. Ta ni yóò tún ṣọ́ ọ jù mí lọ?"

Ó na ẹsẹ̀ òsì tó ń dùn ún, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kíréètì. Ọmọ rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n rọra gba ọ̀nà eléruku náà jáde, kòtò kan lẹ́yìn èkejì, ẹrù ò sì mì.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ọkàn mi balẹ̀."

"Ẹ̀ ń di ilẹ̀kùn mú."

"Ilẹ̀kùn ni kò fọkàn balẹ̀."

Wọ́n bọ́ sórí márosẹ̀. Ìgbín kò tíì wo márosẹ̀ rí láti orí àga tí kò ní sítíárìn. Gbogbo ọkọ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá bá òun gan-an.

Tírélà kan kọ́kọ́ dé ẹ̀yìn wọn, ó sún mọ́ wọn débi pé kò sí ohun mìíràn nínú dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́, imú tírélà nìkan. Ó ń tan iná, ó ń pa á, ó ń tàn án.

"Ó ń tan iná sí ẹ," Ìgbín wí.

"Mo rí i, Bàbá."

"Kí ló ń fẹ́? Ṣé kó o pọ̀n ọ́n ni?"

"Ẹ jẹ́ kó tàn án. Bátìrì rẹ̀ ló ń jẹ, kì í ṣe tèmi."

Tírélà náà kọjá, ó fọn fèrè tó mi gíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ kan sáré kọjá bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bó ṣe bọ́ síwájú wọn báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́.

"Kí ló wá sáré fún?"

"Ó kàn fẹ́ wà níwájú ni. Kò fẹ́ débì kankan."

Ọkọ̀ pupa kan wà tó tan iná ìyànà tí kò sì yà. Wọ́n kọjá oríta kan, kò yà. Wọ́n kọjá òmíràn, iná ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ ń lọ.

"Bóyá ilé àna rẹ̀ ló ń lọ," ọmọ náà wí, "tí kò wù ú dé."

Ìgbín fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Bọ́ọ̀sì kan ń bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ẹni tó ń wà á yọ orí síta, ó rí i pé obìnrin ló wà nídìí sítíárìn.

"Ìyàwó ilé!" ó pariwo. "Ilé ìdáná ni wọ́n ń wá ẹ sí!"

"Ibẹ̀ náà ni mò ń lọ, bọ̀dá mi! Ẹyin tí ìyàwó yín máa dín ni mo kó sẹ́yìn!"

Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì fi awakọ̀ wọn rẹ́rìn-ín. Ó tẹ eré, ó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí Ìgbín kò lè gbé ẹ̀rín mì mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Àyè tó wà níwájú lọ́rì kò sinmi. Bí ẹnìkan bá ṣe já síbẹ̀ ni eyín Ìgbín ń ká mọ́ra.

"Fọn fèrè fún un!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé fèrè kì í ṣe búrékì."

Òótọ́ ni. Òun ló kọ́ ọ.

Ìgbà tí wọ́n ń sún mọ́ ìgboro ló ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú kan ti apá ibi tí wọ́n ti ń sáré wá, kò taná, kò fọn fèrè, ó gé ojú ọ̀nà kọjá, ó já sínú àyè wọn. Àfi bíi pé ìgbà tó débẹ̀ ló rántí pé ibẹ̀ gan-an lòun máa ti yà. Ó tẹ búrékì pátápátá.

Ọmọ náà ti ń dín eré kù kí ọkọ̀ ọ̀hún tó wọlé tán. Ó rọra tẹ búrékì, ó tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Lọ́rì náà wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó ń jókòó sórí àga. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú yà, ó lọ, kò wẹ̀yìn.

Àmọ́ Ìgbín náà ti tẹ búrékì. Gbogbo agbára ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò ní àìsàn kankan ló fi tẹ̀ ẹ́. Kò sí búrékì níbẹ̀. Ẹyin ló wà níbẹ̀.

"Kí ló dún yẹn?" ọmọ náà bi í.

Ìgbín ń wo ọ̀nà. Nǹkan tútù kan ń wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dún? Ẹ̀yìn ni, àbí?" Ojú ọmọ náà ti yí padà. "Ẹ̀yìn ni. Ìpele òkè ló wó. Mo mọ̀ pé okùn yẹn ò le tó. Ẹ jẹ́ n dúró wò ó."

Ó tan iná pé òun fẹ́ bọ́ sí etí ọ̀nà. Ìgbín wo dígí. Etí ọ̀nà yẹn, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó bàjẹ́ nìkan ló yẹ kó dúró, ọkọ̀ ń sáré bọ̀ lórí rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bí ẹni pé bàbá wọn ló là á fún wọn.

"Má yà!" Ìgbín wí. "Ẹ̀yìn kọ́. Ẹsẹ̀ mi ni."

"Orúnkún?"

"Ẹsẹ̀ kejì. Mo tẹ búrékì."

Ọmọ náà kò wo ilẹ̀, ọ̀nà ló ń wò. Ó rò ó wò. Nígbà tó yé e, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín gbé e lọ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò mì lórí sítíárìn.

"Mélòó ló fọ́, Bàbá?"

"Má bi mí. Wakọ̀ ẹ."

Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kú.

"Màmá máa kà á mọ́ mi," ó wí. "Iye tó máa ń fọ́ lọ́wọ́ yín, eléyìí nìkan ti jù ú lọ."

Ìgbín ti mọ̀. Àtìgbà tí nǹkan tútù yẹn ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti ń rò ó.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, wọn ò rí ọ̀nà wọlé. Takisí kan dábùú ẹnu ọ̀nà. Ọmọ àbúrò Màmá ló gbé e síbẹ̀, òun náà sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fara ti ògiri, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ takisí rẹ̀ ṣeré. Wọ́n já ẹrù láti òkèèrè. Màmá Ẹlẹ́yin ń gba kíréètì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e wò lókè, ó ń wo ìdí rẹ̀. Kò yára. Nígbà tó wò ó tán, ó nu ọwọ́.

"Bíi ti bàbá rẹ ni," ó wí. "Kò tó tirẹ̀ pàápàá. Ó ku ọ̀kan. Wọ́n pè mí láti oko pé wọ́n gbé kan síwájú."

Ìgbín sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kíréètì náà lọ́wọ́. Pupa ẹyin ti kùn ún dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Èmi ni mo fọ́ ọ, Màmá."

"Hẹ̀n. Bàbá wo ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ kà á mọ́ ọn, Màmá," ọmọ àbúrò wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹyin ni ẹyin ń jẹ́."

Ìgbín bọ́ sálúbàtà rẹ̀, èyí tí wọ́n fi táyà ṣe, ó gbé e sínú kíréètì. Ó bá ojú ibi tó tẹ̀ wọlé mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò rẹ̀ mu.

Màmá wò ó.

"Kí lẹ̀ ń tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Búrékì."

"Búrékì wo?"

"Èyí tí kò sí níbẹ̀."

Àwọn tó ń ra ẹyin bú sẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń tẹ tiyín," ó wí, "kí ni òun ń ṣe?"

Látọjọ́ tí Ìgbín ti ń wakọ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì rí ewu ṣáájú rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, tàbí kó jẹ́ pé kò tíì jókòó ti ẹni tó lè rí i.

"Ó ti ń tẹ tirẹ̀ kí n tó rí ọkọ̀ ọ̀hún," ó wí. "Ká ní èmi ni mo wà nídìí rẹ̀ lónìí, Màmá, èyí tó máa fọ́ lẹ́yìn ì bá ju èyí lọ."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ?"

"Mo gbọ́."

Màmá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́rì tó ti gbà lọ́wọ́ ọmọ Ìgbín, ó nà án padà sí i.

"Gbà. Àmọ́ bàbá rẹ ò gbọdọ̀ jókòó síwájú lọ́rì yìí mọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó fọ́ ẹyin mi báyìí rí."

"Màmá, èmi ńkọ́?" ọmọ àbúrò wí.

"Ìwọ? Lọ gbé takisí ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, káwọn èèyàn ríbi kọjá."

Màmá ní kí wọ́n kó ẹyin tó fọ́ lọ sílé. Ìyàwó Ìgbín dín in. Ó béèrè ohun tó dé tí ẹyin fi pọ̀ tó báyìí. Ọkọ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà kò dára. Ọmọ wọn gbé omi mu kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ilé wọn kò jìnnà sí márosẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìgbín gbé àga síta, ó jókòó. Lọ́rì náà ń bọ̀, ó dá ohùn rẹ̀ mọ̀ kó tó rí i. Àyè wà níwájú rẹ̀, bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ kan já sínú àyè náà. Lọ́rì sún sẹ́yìn, ó fi òmíràn sílẹ̀. Òmíràn tún já wọlé. Lọ́rì tún sún sẹ́yìn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ọmọ náà rí bàbá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè. Ìgbín gbé ọwọ́ sókè.

Ó wá wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rì sínú erùpẹ̀ dé gìgísẹ̀. Ó fà á yọ, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò nínú sálúbàtà, ó sì sún àga sẹ́yìn díẹ̀ kúrò létí ọ̀nà.