Aago Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Ogójì ọdún ni bàbá fi ya àwòrán fáànù àti rédíò tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe, ṣùgbọ́n aago ọwọ́ kan ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: ojú funfun báláú, ọwọ́ méjì, kò sí nọ́ńbà kankan. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ títí kó kọ nọ́ńbà sí i, ó fárígá. “Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà, kó lọ ra kàlẹ́ńdà!”

Nígbà tí ìgbàgbé dé, dókítà ní kó ya aago, kóun fi yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ó to nọ́ńbà méjèèjìlá sí i létòlétò.

“Baba, ó pé pérépéré!” ni dókítà wí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin bú sẹ́kún. Bàbá tẹjú mọ́ aago tóun fúnra rẹ̀ so mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín. Wọn ò kọ nọ́ńbà sí i.”