Adélànà, Ọkùnrin Tó Ṣí Géètì Fáwọn Ọmọ Màlúù

Iṣẹ́ irin jíjó ni Adélànà kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ màlúù. Èjìgbò ni wọ́n ti bí i. Ọdún 1999 ló dé Abidjan pẹ̀lú Dèbórà ìyàwó rẹ̀, ó sì ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Vridi gbà á síṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe géètì àti àtẹ̀gùn onírin fáwọn iléeṣẹ́ etí omi. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Madame Micheline ti wá bá wọn lọ́dún kejì. Ó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Plateau títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá ra ilẹ̀ sẹ́yìn Gonzagueville, lọ́wọ́ ibi tí àwọn igi àgbọn pọ̀ sí, ó fẹ́ máa sin màlúù oníwàrà. Ó ní òun nílò ẹni tí yóò fi irin ṣe ọgbà fún òun. Ọ̀gá Adélànà ní kó tẹ̀lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jó irin níbẹ̀. Madame ní kó ṣe ọgbà ńlá kan fáwọn ìyá màlúù, kó sì ṣe àwọn yàrá kéékèèké, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, sí òdìkejì fáwọn ọmọ. Adélànà rò pé ibi tí àwọn ọmọ yóò máa sùn ni. Ó fi fáìlì rọ́ gbogbo etí irin kó má baà ha wọ́n lára. Ọjọ́ tí màlúù àkọ́kọ́ bímọ ló mọ ohun tí àwọn yàrá náà wà fún. Ìyá ṣì ń lá omi ara ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé e lọ, tí wọ́n sì tì í mọ́ inú irin. Wọ́n fún wàrà àkọ́kọ́ tó pọ́n tó sì ki, wọ́n fi korobá gbé e fún ọmọ náà fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò ló kù tó ń mu. Wàrà ìyá rẹ̀ ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Plateau. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá náà fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tó ń ké, tí kò fẹnu kan koríko.

Madame kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ṣàlàyé fún Adélànà pé màlúù tí kò bá bímọ kò ní lómi lọ́mú, pé lọ́dọọdún ló gbọ́dọ̀ bí, àti pé bí ọmọ bá ń mu gbogbo rẹ̀, kò sóhun tí òun yóò gbé lọ sọ́jà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Faransé nìyẹn. Adélànà parí iṣẹ́ rẹ̀, ó padà sí Vridi.

Iná irin jíjó ló dá a padà. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, omi ń dà níbẹ̀ láàárọ̀ títí kò fi lè wo ìmọ́lẹ̀ mọ́, dókítà sì sọ fún un pé bí kò bá jáwọ́, yóò fọ́jú. Ó rántí Madame, ó lọ bá a, obìnrin náà sì fún un níṣẹ́ àti yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màlúù. Dèbórà kò fẹ́ràn ibẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Obìnrin Fúlàní kan, Mariama, ló kọ́ Adélànà bí wọ́n ṣe ń fún wàrà. Ó kọ́ ọ láti fi omi gbígbóná nu ọmú, láti fi gbogbo ọwọ́ dì í mú dípò kó máa fi ìka fà á, àti láti máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí màlúù mọ ẹni tó wà lábẹ́ òun. Nílé bàbá Mariama, ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ mu. Wọ́n á wá so ó mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n á fún ìwọ̀nba, wọ́n á sì tú ọmọ náà sílẹ̀ kó mu èyí tó kù. Ó sọ fún Adélànà lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń ṣan korobá, pé, "Màlúù ò mọ̀ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń fún ní wàrà. Ìwọ kàn ń gbà níbẹ̀ ni." Nígbà tó di ọdún 2002, Mariama àti ọkọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn. Madame ra ẹ̀rọ ìfúnwàrà, Adélànà sì di ọ̀gá ilé màlúù.

Oṣù kọkànlá ọdún 2004, nígbà tí ìlú dà rú tí wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ àwọn àlejò, Dèbórà gbé Fúnmiọlá ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ó bá àwọn ará Èjìgbò yòókù wọkọ̀ lọ sílé. Ó ní bí gbogbo rẹ̀ bá rọ̀, òun yóò padà. Gbogbo rẹ̀ rọ̀, kò padà. Kò sọ pé òun ò wá mọ́, kò sì sọ ìgbà tí òun ń bọ̀. Nígbà tó yá, Adélànà kò bi í mọ́.

Kò lè filé màlúù sílẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún kò yàtọ̀. Ó ń gbìyànjú láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Koumassi, ṣùgbọ́n ìwàásù ti máa ń parí kó tó débẹ̀. Bó bá jókòó, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á rọra sún. Ó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde, síbẹ̀ òórùn wàrà kíkan kì í kúrò lára rẹ̀. Ọlọ́runlékè, télọ̀ kan tí wọ́n jọ wọkọ̀ wá láti ilé, nìkan ló ń yà kí i. Òun náà fẹ́yàwó, ó kó lọ sí Yopougon, kò sì yà mọ́.

Báyìí ni ọdún ṣe ń gun orí ọdún. Madame kì í fún màlúù lórúkọ. Nọ́mbà ló fi há wọn létí, Adélànà sì ń fi nọ́mbà náà pè wọ́n bí ẹni ń pe èèyàn. Dúùsì ni onínọ́mbà *douze*, ìyẹn méjìlá lédè Faransé, pupa kan tó ní funfun níwájú orí. Sẹ́ẹ̀tì ni *sept*, ìyẹn méje, àgbà inú wọn. Àwọn ọmọ tó bá jẹ́ abo ń dàgbà sínú ọgbà. Akọ kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí alápatà á fi wá gbé e. Sẹ́ẹ̀tì ti bí akọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra.

Oṣù kẹta ọdún 2011 ni ogun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò dé àárín ìlú. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń gé koríko sá lọ. Iná mànàmáná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ tán, ẹ̀rọ ìfúnwàrà sì dákẹ́. Madame wà ní Riviera, òdìkejì ọ̀sà, kò sì sẹ́ni tó lè kọjá lórí afárá. Ó pè lórí fóònù. Ó ní kí Adélànà fi ọwọ́ fún wàrà wọn, kó fi korobá gbé ìwọ̀nba fáwọn ọmọ, kó sì da ìyókù nù, nítorí kò sí ọkọ̀ tó máa gbé e. Ó wá tẹnu mọ́ ọn pé, "Má jẹ́ kí ọmọ kankan dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ o. Màlúù tó bá ti fọ́mọ lọ́mú kò ní sọ wàrà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ mọ́."

Màlúù mẹ́sàn-án ló ń fún wàrà nígbà náà, àwọn ọmọ tó wà nínú irin sì jẹ́ márùn-ún. Dúùsì ló bí èyí tó kéré jù, akọ, ọmọ ọjọ́ mẹ́fà. Adélànà ń gé eèsún létí omi láàárọ̀ bí ìbọn ṣe ń dún lókèèrè, á padà wá fún wàrà, á gbé korobá kiri, á sì da èyí tó ṣẹ́kù sórí yanrìn. Yanrìn náà ń mu ún bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ wú, àwọn ìka rẹ̀ kò ká mọ́. Ọmú Dúùsì le bí òkúta, ó gbóná, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ta bí Adélànà bá fọwọ́ kàn án. Ọmọ rẹ̀ ń ké nínú irin, òun náà ń ké, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré sì ni ohun tó wà láàárín wọn.

Adélànà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá lọ fa ìdè géètì, ó ṣí gbogbo yàrá márààrún.

Ọmọ Dúùsì nìkan ló mọ ohun tí yóò ṣe. Ó sáré bọ́ sábẹ́ ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀, Dúùsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a láti orí dé ìrù. Àwọn yòókù kò mọ ìyá. Abo kan tó ti pé oṣù méjì jáde, ó lọ ki orí bọ inú korobá òfìfo, ó ń wo Adélànà. Adélànà ní láti fi ìka sí i lẹ́nu, kó fi ìka náà tọ́ ọ sọ́nà dé ibi ọmú. Ìyá rẹ̀ ta á nípàá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́.

Sẹ́ẹ̀tì kò ní ọmọ níbẹ̀. Wọ́n ti gbé tirẹ̀ lọ lóṣù kejì. Ó rìn káàkiri, ó ń gbóòórùn àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì dúró ti ìkankan. Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ irin. Adélànà gbé àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó fi iwájú orí ti ìhà rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tó wú fún wàrà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omijé dé sí i lójú, ó sì jẹ́ kó wá, nítorí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó pe Èjìgbò. Fúnmiọlá ló gbé fóònù.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Bàbá rẹ."

"Ẹ káàsán, sà." Ohùn tí ọmọ fi ń kí àlejò ni. "Màámi ò sí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pè padà."

Ó fẹ́ sọ nípa àwọn ọmọ màlúù fún un, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kó kí màmá rẹ̀.

Sidikatou, obìnrin àdúgbò tó ń ta dèguè, jéró tí wọ́n fi wàrà kíkan pò, wá sí géètì lọ́jọ́ kejì. Kò sí oúnjẹ lọ́jà, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì tíì jẹun. Adélànà bu wàrà fún un, ó ní kó sè é dáadáa kó tó fún wọn. Obìnrin méje ló wá láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohùn èèyàn wà nínú ọgbà náà láàárọ̀. Wọ́n ń bi í bó ṣe sùn. Nígbà tí ọ̀nà ṣí tí ọjà sì ń ná, oníkálùkù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, géètì sì dákẹ́.

Ìparí oṣù kẹrin ni Madame dé. Ó ti rù. Ó ka àwọn màlúù rẹ̀, kò sí èyí tó kú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Adélànà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá rí àwọn ọmọ lábẹ́ ìyá wọn.

"Mo sọ fún ẹ, Adélànà."

"Ẹ sọ fún mi, Madame."

"Hòtẹ́ẹ̀lì máa ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó wọn padà sínú irin."

"Mi ò ní lè kó wọn, Madame. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pe ẹlòmíràn."

Adélànà kò tíì bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Madame pe ẹlòmíràn lóòótọ́, wọ́n kó wọn wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé ẹ̀rọ sí ọmú, àwọn màlúù náà sì há wàrà wọn mọ́ inú. Lọ́jọ́ kẹrin, Madame wá jókòó sórí àpótí níwájú yàrá Adélànà, ó bi í léèrè bí Mariama ṣe máa ń ṣe é. Adélànà ṣàlàyé fún un. Láti ìgbà náà, ọmọ ń kọ́kọ́ mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta. Wàrà tó ń lọ sí Plateau dín kù, Madame ráhùn, ṣùgbọ́n kò yí i padà.

Lórí ọ̀rọ̀ akọ, kò gbà. Ó ní òun ò lè máa bọ́ akọ màlúù títí ayé. Nítorí náà, lóṣù kẹfà, alápatà láti Port-Bouët wá gbé ọmọ Dúùsì. Ẹranko náà kò tẹ̀lé àlejò. Adélànà ló fa okùn rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, ó sì tẹ̀lé e láìjanpata, bó ṣe máa ń tẹ̀lé e lọ síbi omi.

Ní ti Dúùsì, ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ló fi ké lọ́tẹ̀ yìí. Ó lé lọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Ó mọ ẹni tó ń pè. Adélànà ń gbọ́ ọ láti inú yàrá rẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá oore lòun ṣe fún un tàbí òun kàn fi kún ìyà rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí màlúù mìíràn bímọ lóṣù kẹjọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ náà lọ.

Lóṣù kẹsàn-án, Madame gba obìnrin kan síṣẹ́, Précieuse, ọmọ Bonoua, tó mọ iṣẹ́ màlúù dáadáa. Ó ní kí Adélànà máa sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún kẹwàá rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́, kò sì tíì ní ọjọ́ ìsinmi rí. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ó wọ aṣọ tó dára, ó wọ ọkọ̀ gbáká lọ sí Port-Bouët. Ó sọ̀kalẹ̀ létí òkun. Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, wọ́n ń kọrin pọ̀. Ó ra attiéké, ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi ooru sè, àti ẹja dídín, ó jókòó sórí yanrìn jẹ ẹ́. Ọkọ̀ òfurufú mẹ́rin fò kọjá. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.

Nígbà tí òòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó wọkọ̀ padà, ó ń yára rìn láti ibi tó ti sọ̀kalẹ̀ kí aago mẹ́rin má baà lù kó tó débẹ̀. Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tó dé. Précieuse ti tú àwọn ọmọ sílẹ̀, ó ti fún wàrà, ó ti fọ korobá dojú dé. Ó kí i káàbọ̀. Adélànà dá a lóhùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù pẹ̀lú aṣọ rere lọ́rùn, kò sì rí nǹkan kan tó kù fún un láti ṣe.