Gàrí Tí Bàbá Rahmah Kò Kà Mọ́ Omi

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni mo ti ń yan gàrí nígbà tí ọkọ mi, Yẹ̀kínì, ṣì ń fi ọkọ̀ wọn kó ẹrù gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Tí wọ́n bá ti dúró síwájú ààrò mi, wọn kì í bèèrè àpò, abọ́ ni wọ́n ń bèèrè.

"Sàúdátù, bù ú wá! Èyí tó kan dáadáa o!"

A ó da omi tútù lé e títí tí omi á fi bo gàrí mọ́lẹ̀, a ó jọ máa mu ún lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ibẹ̀ náà la ti fẹ́ra. Ìgbà yẹn dùn.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sọ fún wa pé kíndìnrín ọkọ mi ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì Helen ní ilé ìwòsàn fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wa ló ń gba inú kíndìnrín méjèèjì kọjá. Wọ́n á sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á dá èyí tó mọ́ padà sára. Ìdọ̀tí yẹn àti omi tó bá pọ̀ jù ló ń di ìtọ̀. Téèyàn bá làágùn, kíndìnrín á há omi, ìtọ̀ á pọ́n. Tó bá mu omi yó, wọ́n á tú u sílẹ̀.

"Ti Bàbá ò lè tú u sílẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ẹsẹ̀ lomi yẹn máa lọ, tó bá yá, àyà. Ike omi kan péré lójúmọ́ o."

Ike kan náà ni mo ń bù fún wọn. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ ń wú, wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, wọ́n á máa mí gúlegúle. Mo rò pé wọ́n ti fẹ́ fi mí sílẹ̀ ni. A padà lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Bàbá, ẹ ń jí omi mu."

"Wọlái, ike kan ni! Bi ìyàwó mi."

"Kí lẹ jẹ lọ́sàn-án àná?"

"Gàrí."

"Ẹ̀bà?"

"Ẹ̀bà kẹ̀, nínú ooru yẹn? Mo rẹ ẹ́ mu ni."

"Omi tẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́ ńkọ́?"

Wọ́n wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. "Ìyẹn kì í ṣe omi, ọmọ mi. Oúnjẹ ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò lè rín in, torí èmi náà ò kà á mọ́ omi rí.

"Bàbá, kíndìnrín ò mọ̀ pé gàrí ló gbé e wọlé. Tẹ́ ẹ bá tún rẹ ẹ́, ó lè pa yín."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Wíwú ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀, oorun padà dé. Èmi wá ń sá lọ mu tèmi ní ẹ̀yìnkùlé, títí wọ́n fi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìwọ obìnrin yìí, ta lò ń sá fún?"

"Kó má baà wù yín ni."

"Ó kúkú ń wù mí. Jókòó síbí mu ún."

Mo jókòó. Bí mo ṣe ń mu ún, wọ́n ń sọ fún mi nípa táyà tó bẹ́ lọ́nà Ìmùṣin lọ́dún tá a bí Rahmah. Mi ò yára mu ún tán.