Ọmọbìnrin Onífìtílà

Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ìhà ààtàn, òórùn rẹ̀ máa ń bá wa dé inú yàrá ní Ìgàndò, à á sì pa fèrèsé dé kíá, bó ti wù kí ooru mú tó. Inú yàrá yẹn ni mo dùbúlẹ̀ sí ní gbogbo ọlidé kan nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n fi POP wé ẹsẹ̀ mi ọ̀tún láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀kadà ló da èmi àti màmá mi nù lójú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, nínú kòtò tí omi kún. Ara màmá mi kàn bó díẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tèmi ló dá. Abẹ́ POP yẹn á máa yún mi, n ò sì ní lè họ ọ́, màá wá máa sunkún. Ìwọ náà mọ bí ẹkún ọmọ tí ooru ń mú ṣe máa ń rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti wà ní girama nígbà náà, ló wá nǹkan ṣe sí i. Ó yá ìwé kan lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀, ìwé Òyìnbó tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa kà á sínú, á sì máa sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Ìtàn ìlú kan tí ejò abìyẹ́ jí oòrùn wọn gbé ni, àti ti àwọn akọni tó gbéra láti lọ gbà á padà lórí òkè tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn rí. Olórí ogun wà nínú wọn, arúgbó kan tó gbọ́ èdè ẹyẹ wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tèmi ni ọmọbìnrin onífìtílà. Ó kéré, ó ń tiro, òkùnkùn sì máa ń bà á lẹ́rù, síbẹ̀ òun ló ń gbé fìtílà ṣíwájú. Bí wọ́n bá ní kó padà sílé, á ní, "Ta ló máa wá tan iná fún yín?" Òun ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ orí òkè. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti dé ibẹ̀, màá ní kó tún un sọ.

Tíṣà gba ìwé rẹ̀ padà nígbà tí ilé-ìwé wọlé. Wọ́n tú POP, ẹsẹ̀ mi san, àmọ́ ó kúrú díẹ̀ ju èkejì lọ, mo sì ń tiro títí dòní. N ò fúnra mi ka ìwé náà rí. Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Ṣebí mo ti mọ̀ ọ́n lórí.

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé wọ́n ti fi ìwé náà ṣe fíìmù, inú mi dùn débi pé ibi iṣẹ́ ni mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi. "Àǹtí mi, ẹ múra, à ń lọ sí sinimá ní Sátidé!" Ó ń ṣe àwáwí, ó ní ó ti rẹ òun, ó ní ká jẹ́ kó dìgbà mìíràn. N ò gbà.

Bí ejò náà ṣe na ìyẹ́ rẹ̀ bo gbogbo ojú ọ̀run, mo pariwo, mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú. Mo dá arúgbó tó gbọ́ èdè ẹyẹ mọ̀ kó tó la ẹnu. Bí mo ṣe rò ó gan-an ló rí, àfi irùngbọ̀n tó pọ̀ jù. Mo ń sọ ohun tó kàn fún ẹ̀gbọ́n mi bíi pé òun kọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Mo sì ń retí onífìtílà. Àwọn akọni kúrò nílùú, n ò rí i. Wọ́n sọdá odò, n ò rí i. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, tó jẹ́ olórí ogun fúnra rẹ̀ ló gbé iná sókè, orí mi gbóná.

"Wọ́n ti yọ ọ́!" Ariwo ni mo fi sọ ọ́. "Wọ́n yọ onífìtílà kúrò! Irú ìwà wo nìyẹn?"

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wòran jàre."

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, omi ló ń dà níbẹ̀. Mo rò pé inú ló ń bí òun náà.

Nígbà tí a jáde, mo ṣì ń bínú. Mo ní màá kọ ọ́ sórí ayélujára, kí gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n ba ìwé jẹ́. Ó fà mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nítòsí ẹnu ọ̀nà.

"Má kọ nǹkan kan ṣá. Kò sí nínú ìwé."

"Ta ni kò sí?"

"Onífìtílà. Èmi ni mo fi í sí i."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi dé láti ọsibítù, òun gbọ́ tí màmá wa ń sunkún ní kíṣìnnì, tó ń sọ fún bàbá wa pé dókítà ní ẹsẹ̀ mi lè má gún mọ́. Wọ́n rí òun níbi tí òun dúró sí, wọ́n sì kìlọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ sọ fún mi.

"Gbogbo akọni inú ìwé yẹn ló ń sáré," ó ní, "gbogbo wọn ló ń fò. Mo wò ẹ́ níbi tí o dùbúlẹ̀ sí, n ò lè kà á fún ẹ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí o bá dìde tí o rí i pé ò ń tiro, wàá ti mọ ẹnì kan tó tiro dé orí òkè."

Mo kàn dì mọ́ ọn níbẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wò wá.

Mo ti ra ìwé náà báyìí, mo sì ti kà á tán. Ó dùn, n ò ní parọ́. Mo tiẹ̀ tún fíìmù náà wò, n ò bá ẹnikẹ́ni jà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé òǹkọ̀wé kan tí n ò rí rí, tó ń gbé ìlú tí n ò dé rí, ló fún mi lókun lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tiro wọ kíláàsì tí àwọn ọmọ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àṣé ọmọ girama kan ni, tí ẹ̀rù ń bà nítorí àbúrò rẹ̀, tó ń ṣí ojú ìwé kan lé òmíràn, bí ẹni pé ohun tó ń sọ wà níbẹ̀.